Nọ́ọ̀tì Wọlé, Ẹnu Ò Bára Mu

Òkìtì yanrìn tí mo rà láti fi mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé ló dá ọkọ̀ mi dúró lọ́jọ́ náà, kì í ṣe bíréékì. Mo tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ mi sì lọ tààrà dé ilẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá ki ẹsẹ̀ bọ ẹrọ̀fọ̀. Ọkọ̀ ń yí lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́, kò yára ju ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà lọ. Àmọ́ agbada gàrí ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló wà níwájú rẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń yan gàrí lọ. Mo fa sitiárì sọ́tùn-ún. Imú ọkọ̀ rì sínú yanrìn, ẹ́ńjìnnì kọ́, ó kú.

Ìyá Alágàrí ò tiẹ̀ dìde. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó na igbá tó fi ń ro gàrí sí mi.

"Tíṣà, ṣé bí wọ́n ṣe ń dá a dúró náà nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé orúnkún mi ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà kí ẹ tó bú mi. Bàbá mi fi Ìjàpá kan sílẹ̀ kó tó kú, ọ̀kan nínú àwọn Volkswagen tí wọ́n tò l'Ékòó. Nígbà tí a máa fi ráyè tirẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, òjò ti jẹ ara rẹ̀ tán, ilẹ̀kùn ń já bọ́, koríko ti hù jáde láti inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣì le: irin pẹlẹbẹ tí gbogbo ọkọ̀ náà gùn lé, pẹ̀lú ọ̀pá oníhò gbọọrọ tó gba àárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tó mú Ìjàpá yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ lè tú bóòtù rẹ̀, kí ẹ ṣí ara rẹ̀ kúrò lórí ìsàlẹ̀ bí ẹni ṣí ọmọrí ìkòkò, kí ẹ sì gbé ara mìíràn dé e.

Ọkùnrin kan ní California, Bruce Meyers, ti rí èyí ṣáájú wa. Ó mọ iṣẹ́ fáíbà nídìí ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó sì di 1964, ó fi fáíbà kan náà ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ kékeré tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi ń gbé ara ọkọ̀ náà lé ìsàlẹ̀ Ìjàpá. Meyers Manx ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń tà á bí ẹ̀yà ẹ̀yà, ẹni tó bá rà á á kó o lọ sílé, á sì tò ó fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe kà nípa rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ṣé a ò ní àwọn tó ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ létí ọ̀sà ni? Mo mú àwòrán dání, mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn. Ó wò ó títí. Ó ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí n má bínú o, kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi tí kò ní wọ omi ṣe?

Ẹ má sì rò pé nǹkan àjèjì ni ọkọ̀ àtòpọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ ní 1975, inú àpótí ni ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá láti òkè òkun, àwọn ọmọ wa níbí ló ń tò ó. Volkswagen Igala tí àwọn tíṣà ń rà nígbà náà, Peugeot 504 tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn, Ìjàpá bàbá mi, àtòpọ̀ ni gbogbo wọn. Ohun kan ló yà wá sọ́tọ̀. Nínú àpótí tiwọn, ẹnì kan ti wọn páìpù bíréékì, ó ti gé e, ó ti ṣe ẹnu rẹ̀, ó ti dán an wò. Nínú tèmi, èmi ni ẹni náà.

Ara fáíbà tí mo ṣe kúrú ju ara Ìjàpá lọ, a sì ní láti gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 kúrò láàárín irin ìsàlẹ̀ kí a tó jó o padà. Iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn, ọjọ́ méjì ló gbà á, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wáyà bíréékì ọwọ́ wá gùn jù, wáyà kílọ́ọ̀ṣì gùn jù, páìpù bíréékì tó lọ sẹ́yìn náà gùn jù. Èyí tó tún burú ni pé páìpù náà ti dípẹtà. Mo fi èékánná ha á, ìpẹ́ rẹ̀ ń já sí mi lọ́wọ́. Mo pinnu pé gbogbo páìpù bíréékì inú ọkọ̀ yìí ni màá yọ, màá sì fi tuntun sí i, fúnra mi.

Nínú ìwé, ìjánu ni wọ́n máa ń pe bíréékì. Kò sì sẹ́ni tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Òde tí kò rí ìjánu rí. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí a bá pé jọ sí Ojúde Ọba, tí àwọn ìdílé Balógun ń gẹṣin bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú gbogbo ayé máa ń wà lára ẹni tó wà lórí ẹṣin, lára aṣọ rẹ̀ àti ìbọn tó ń dún. Èmi, láti kékeré, ọwọ́ ọkùnrin tó di ẹṣin mú ni mo máa ń wò. Mo rí ọ̀kan lọ́dún kan, kí ọ̀gá rẹ̀ tó gun ẹṣin, ó mú awọ ìjánu, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì gírígírí nítòsí ẹnu ẹṣin, ó tún fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n ti rán an. Ó kàn ṣe é ni, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìjánu ẹṣin ṣeé fà wò bẹ́ẹ̀, nítorí pé awọ ni, gbogbo rẹ̀ ló wà ní gbangba. Ìjánu ọkọ̀, inú páìpù ló wà, òróró ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹsẹ̀ yín ń ti irin kan wọnú mástà, ìyẹn páǹpù kékeré bíréékì, mástà ń ti bíréékì ọ́ìlì sínú páìpù, ọ́ìlì náà á lọ ti ṣúù kó há mọ́ dúrọ́ọ̀mù nídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páìpù náà kéré. Mìlímítà 4.75 ni ìbú rẹ̀ láti ìta dé ìta, bírò ìkọ̀wé nípọn jù ú lọ. Nítorí pé táyà ń lọ sókè sódò, tí irin ò sì lè bá a jó, họ́ọ̀sì rọ́bà ló máa ń parí ìrìn náà.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ òfin Blaise Pascal sójú pátákó: bí ẹ bá ti omi tí wọ́n sé mọ́ inú nǹkan, agbára tí ẹ fi tì í á dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kà á lákàsórí, wọ́n á yege. Èmi náà, àkàsórí ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo jókòó pẹ̀lú bébà láti ṣírò ti ọkọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ká ní mo fi agbára kílò 20 tẹ̀ ẹ́, tí ọ̀pá tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sì sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, kílò 100 ló dé orí mástà. Ojú mástà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19 kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta níbùú lóròó. Ìyẹn ni pé ó lé ní kílò 30 tó ń ti sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan inú páìpù yẹn. Atẹ́gùn inú táyà, kílò méjì péré ni. Táyà sì rèé, ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń dún tó bá bẹ́. Èyí tí mo ṣírò yìí, títẹ̀ wẹ́rẹ́ ni o. Ẹni tí ewúrẹ́ bá já sí lójijì kì í fi kílò 20 tẹ bíréékì.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, ẹ wo ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo lọ bá Bọ̀dá Onífíríìjì.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sílé wa. Ó ní páìpù bàbà tí wọ́n ká bí ejò sára ògiri, ó ní irin kékeré tí wọ́n fi ń ṣí ẹnu rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ tó mọ́. Mo fi páìpù ọkọ̀ àtijọ́ hàn án. "Tíṣà, kékeré nìyí," ló wí, lójú mi sì ni ó ti gé ìwọ̀n tí mo fẹ́, ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tì sí i. Ó dán bí góòlù. Mo ra ìdajì ìká náà, mo gbé e lọ́rùn lọ sílé bí olóyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlẹ̀kẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e lọ han Bàbá Ìjàpá. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò Ìbàdàn Gáréèjì mọ̀ wọ́n sí nìyẹn, nítorí pé Volkswagen nìkan ni wọ́n ń tún ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́ àfi tí ọ̀rọ̀ bá le. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi wo bàbà mi.

"Ta ló ní kó o fi èyí sí i?"

"Bàbá, ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ wo nọ́ọ̀tì rẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó wọ̀ ọ́. Mo ní ta ló ní kó o fi sí i?"

Wọ́n di etí kan mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń fẹ́ já ewé. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lẹ́yìn èyí ló là, kò tilẹ̀ dún. Bàbà kì í jẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n lójoojúmọ́ ló ń le sí i, títí yóò fi là níbi tí ojú ò tó. Fíríìjì ò rìn lọ síbì kan, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìpele kan ni Bọ̀dá ṣí ẹnu rẹ̀ sí, ti bíréékì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele méjì tàbí kó ní irú ẹnu mìíràn pátápátá. Báyìí ni Bàbá ṣe kọ bàbà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì rẹ̀ ṣeré, èèyàn ni ọ̀kan, irin ni èkejì.)

Páìpù tí wọ́n ní kí n lọ rà ni èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pò, bàbà bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í dípẹtà bí irin, ọwọ́ sì lè tẹ̀ ẹ́. Mo rí i ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, lẹ́yìn tí mo ti rìn títí tí bàtà mi ń já. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi bi mí pé ọkọ̀ wo ni, mo ní Ìjàpá ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní họ́ọ̀sì Ìjàpá ò sí lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n kí n wo ti ọkọ̀ Japan yìí, tuntun ni nínú ọ̀rá. Ó mú nọ́ọ̀tì mi, ó fi ọwọ́ lásán yí i wọnú họ́ọ̀sì náà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. "Alàgbà, ó wọlé àbí kò wọlé?" Ó wọlé lóòótọ́. Mo sanwó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn mi sí òkìtì yanrìn ti bẹ̀rẹ̀.

Tírẹ́ẹ̀dì Volkswagen àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, ọ̀kan náà ni: mìlímítà 10 níbùú, mìlímítà kan láàárín eyín sí eyín. Ẹnu páìpù ló yàtọ̀. Ti Japan dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, tí wọ́n wá ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú ara rẹ̀ kó lè jẹ́ ìpele méjì. Nínú ihò tó fẹ́ wọ̀, ṣóńṣó kan wà tó ń yọrí síta láti wọnú àrọ náà. Ti Volkswagen dà bí olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú ilẹ̀, ó wú síta roboto, ihò tirẹ̀ sì jìn wọnú láti gba olú náà mọ́ra. Bí ẹ bá fi àrọ sínú ihò olú, nọ́ọ̀tì á wọlé. Ẹ á dè é, á dì. Etí tín-ínrín ló kàn ń kan etí nínú lọ́hùn-ún.

Irinṣẹ́ tí mo yá, àrọ nìkan ló ń ṣe. Mo wá ṣe àrọ sí ẹnu gbogbo páìpù mi. Wọ́n bá họ́ọ̀sì Japan mu, wọn ò bá mástà Ìjàpá mu, wọn ò bá ti ìdí táyà náà mu. Mi ò mọ̀. Mo da bíréékì ọ́ìlì sí i, mo lé atẹ́gùn jáde, mo tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá tẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ṣáná sí i láti gbé e kúrò lójú oòrùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn rọrùn láti mọ̀. Ó ń kán, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, lórí ilẹ̀ iyanrìn tí ń fa á mu, àpò ọ́ìlì sì wà níwájú lábẹ́ ìdérí tí mi ò ṣí. Bíréékì ọwọ́ kò tíì sí nítorí mi ò tíì gé wáyà rẹ̀. Mástà àtijọ́ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ibi tó bá ti jò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó ṣáná, màá ti mọ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì le.

Bàbá Ìjàpá wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ti le, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ìdí mástà, wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n tọ́ka sí ọ̀dà tí mo fi kun irin ìsàlẹ̀: ó ti wú, ó ti ń ṣí bí awọ iṣu sísè. Bíréékì ọ́ìlì kì í fi ọ̀dà sílẹ̀. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n fa ẹnu páìpù jáde, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìlà kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, tín-ínrín bí irun, níbi tó ti kan irin. Ìyókù ń dán, kò kan nǹkan kan rí.

"Nọ́ọ̀tì ló ń tàn ọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà sì gbà kó tàn ọ́."

Mo ní kí n ṣe àrọ sí etí kan, olú sí etí kejì, kí n lè lo họ́ọ̀sì tí mo ti ná owó lé. Èrò náà kò burú, ó ṣeé ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí máa pẹ́ jù wọ́n lọ, bóyá yóò tilẹ̀ pẹ́ jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, mẹkáníìkì tí kò mọ ìtàn rẹ̀ á wo ẹnu kan, á rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yòókù ṣe rí. Mo padà sí Ládípọ̀. Mo rà họ́ọ̀sì tó bá a mu, mo sì ra mástà ọlọ́nà méjì pẹ̀lú, irú èyí tí Volkswagen ti ń fi sí ọkọ̀ tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà láti bíi 1967, tí ọ̀nà kan bá jò, èkejì á ṣì fa ọkọ̀ lọ́wọ́. Owó gàrí oṣù kan wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo yanrìn.

Ìgbà kejì yìí ni mo tó gbádùn iṣẹ́ náà. Mo fi wáyà rírọ̀ wọn ọ̀nà tí páìpù máa gbà, mo tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo kọ́nà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo nà án láti mọ ìwọ̀n. Mo ń fi agolo mílíìkì tẹ páìpù kó má baà ká lójijì, nítorí ibi tó bá ti ká bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti máa há, ẹ ò sì ní rí i na padà bí ó ti wà. Nítòsí mástà, mo ká a yípo lẹ́ẹ̀kan bí òrùka kó lè fàyè gba ìgbọ̀nrìrì. Mo fi kílíìpù oní-rọ́bà dè é mọ́ ara ọ̀pá àárín ní sẹ̀ǹtímítà 30, sẹ̀ǹtímítà 30, kó má baà máa fi ara họ irin. Mo fa sitiárì dé ìparí sí òsì, mo fà á dé ìparí sọ́tùn-ún, mo ń wo họ́ọ̀sì iwájú bóyá ó máa lọ́ tàbí kó fara kan táyà.

Ṣíṣe ẹnu olú, ẹ ní láti fi fáìlì gé etí páìpù kó gún, kí ẹ fọ eruku inú rẹ̀, kí ẹ kán bíréékì ọ́ìlì díẹ̀ sí ìdí irinṣẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ba mẹ́rin jẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ìkarùn-ún jáde, ó rẹwà, ó wú roboto, kò ní àléébù kan. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo wo tábìlì. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ti mọ ohun tí mo ń wí: tí ẹ bá ti ṣe ẹnu méjèèjì tán, kò sí ibi tí nọ́ọ̀tì lè gbà wọlé mọ́ láyé yìí. Mo gé orí rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ bíréékì ọ́ìlì kúrú. Mo ra èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára, agolo tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ojú ọjọ́ wa níbí sì kún fún omi. Tuntun, kò gbọdọ̀ hó títí yóò fi dé ìwọ̀n ooru 230; tí omi bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ìwọ̀n 155 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Tó bá hó, ó di atẹ́gùn gbígbóná, atẹ́gùn sì ṣeé tẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ yín á tún lọ sílẹ̀. Mo ti rí awakọ̀ tó da omi ọṣẹ sí i lójú ọ̀nà, tó sì ń kó èrò lọ. Mi ò fẹ́ rántí.

Ọmọbìnrin mi ló bá mi lé atẹ́gùn jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ilẹ̀ lórí ìjókòó náà. Ibi tó jìnnà jù sí mástà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú spánà àti rọ́bà tí mo ki orí rẹ̀ bọ ike omi tí mo da ọ́ìlì díẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Dádì."

"Mú un dúró, má tú u sílẹ̀." Mo ṣí nípúlù, ẹnu kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde nídìí táyà, ọ́ìlì tú jáde pẹ̀lú ìfófòó, mo dì í. "Ó yá, tú u sílẹ̀."

Ọgọ́rùn-ún ìgbà, kò dín. Lẹ́yìn bí ìgbà ogún, a ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti mọ ìró spánà mi. Ìgbà kan ló béèrè pé kí ló dé tí a ń lé atẹ́gùn, ṣé atẹ́gùn burú ni? Mo sọ fún un pé atẹ́gùn ṣeé tẹ̀ pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ pọ̀. Tí atẹ́gùn bá wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ atẹ́gùn ni, kò ní máa tẹ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, Pascal." Wọn ò tíì kọ́ ọ ní kíláàsì rẹ̀. Ibi tó ti gbọ́ ọ, mi ò mọ̀.

Nígbà tó wá le lábẹ́ ẹsẹ̀, mi ò pe ẹnikẹ́ni wá tẹ̀ ẹ́. Mo ya ìwé ìròyìn àtijọ́ wẹ́wẹ́, mo wé e mọ́ gbogbo oríkèé páìpù, mo fi òwú dè é. Mo fi igi ti bíréékì mọ́lẹ̀ láti ìdí ìjókòó, mo lọ sùn. Ìwé gbígbẹ kì í purọ́ fún ọ́ìlì. Láàárọ̀, ìwé ẹ̀yìn òsì ní àmì kan, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Àwọn yòókù gbẹ. Ẹ̀mí mi ní kí n kàn dè é díẹ̀ sí i. Mo tú u. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo sì bá horo yanrìn kan ṣoṣo nínú ihò olú, láti inú òkìtì yẹn náà ni, kò lè jẹ́ ibòmíràn. Mo fọ̀ ọ́, mo dè é padà, mo tún lé atẹ́gùn níbẹ̀, mo wé ìwé tuntun. Òru mẹ́rin ni mo fi wé ìwé mọ́ ọn.

Mo ti gbé e yí ilé ká báyìí, mo ti dúró lójijì lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tí mo tò kalẹ̀, mo ti ṣe é nínú òjò. Kò tíì jáde sí títì, nítorí Bọ̀dá Rewáyà tó ní òun ń bọ̀ lọ́la ti ń bọ̀ lọ́la láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Alágàrí ti gbé agbada wọn lọ sí apá kejì ilé wọn. Mo sọ fún wọn pé ó ti dúró dáadáa báyìí, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọn ò sì gbé e padà.

Bàbà fíríìjì tó ṣẹ́ kù, èyí tí n kò gé rárá, ìṣó kan ni mo fi kọ́ ọ sára ògiri títí di oṣù tó kọjá, nígbà tí fíríìsà ìyá kan tó ń ta omi yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ wa jò. Bọ̀dá Onífíríìjì wá yá a lọ́wọ́ mi. Ó gé e, ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tì sí i níṣojú mi. Ìyá ń fi fíríìsà náà ta omi lọ, ó ń dì gan-an.